Ohùn Tó Wà Lápá Ọ̀tún Mi

Ohùn ìyàwó mi rẹlẹ̀ ju tèmi lọ. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé òun ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ rọ̀ mọ́, àti nítorí pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Kì í ṣe àwàdà. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn wa, tí àwa méjèèjì sì dáhùn láti inú yàrá lẹ́ẹ̀kan náà, èmi ni àlejò máa ń kí ní màmá, òun ló sì máa ń kí ní sà.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni a kó dé Festac, èmi àti òun àti àwọn ìbejì wa, tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọ́fíìsì ìjọba kan tí wọ́n ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Láràárọ̀ ni mo ń lọ wọkọ̀ ní Mile 2. Inú kílóòsì tí a ń gbé, ìyẹn àdúgbò kékeré tí ọ̀nà rẹ̀ kì í já síbòmíràn, gbogbo ilé ló jọra: ọ̀dà kan náà, fèrèsé kan náà, àtẹ̀gùn kan náà. Ní oṣù àkọ́kọ́, mo ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gun àtẹ̀gùn, mo ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ bàtà, mo sì ti jókòó kí n tó rí i pé obìnrin tó ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì kì í ṣe ìyàwó mi. Kò bínú rárá.

Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ilé tó kàn ni tiyín. Ọkọ tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lánàá."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Àwọn ọmọ wọ̀nyí náà jọra, mi ò sì tíì fún ẹnì kan lọ́mú lẹ́ẹ̀mejì kí n fi ebi pa èkejì rí."

"Báwo lo ṣe ń mọ̀ wọ́n?"

"Ẹkún wọn. Ọ̀kan ń fi tiẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ọ̀kan ń fi tiẹ̀ pàṣẹ."

Omi ẹ̀rọ kì í pẹ́ lọ ní kílóòsì wa. Nítorí náà àárọ̀ kùtù, nígbà tí omi ṣì ń sáré, ni ìyàwó mi máa ń fọ àwọn abọ́ oúnjẹ alẹ́. Yóò sì máa kọrin. Orin ìyìn ni, èyí tí gbogbo wa bá lẹ́nu àwọn òbí wa, ṣùgbọ́n kì í gbé e síbi tí àwọn obìnrin ń gbé e sí. Yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, yóò sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn, bí ẹni tó jókòó sínú àga tirẹ̀. Èmi á máa so táì mọ́rùn nínú yàrá, n ò sì kà á sí nǹkan kan. Ẹni tí odò ń ṣàn lẹ́yìnkùlé rẹ̀ kì í gbọ́ ariwo odò.

Ẹni tó gbọ́ ni Alhaja. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ní ìsọ̀ onípákó kan lábẹ́ fèrèsé kíṣìnnì wa, níbi tó ti ń ta mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti àbẹ́là. Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, yóò gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ dúró.

"Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin náà! Orin yín tòní wọ̀ mí lára o. Mi ò kì í ṣe oníṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ òun ni mo fi gbálẹ̀."

"Ìyàwó mi ni, Alhaja."

"Ẹ má tàn mí. Obìnrin wo ló ń kọrin bẹ́ẹ̀? Ẹ gba ìkíni yín, kí ẹ máa lọ síbi iṣẹ́."

Mo máa ń sọ ọ́ fún ìyàwó mi bí mo bá dé. Yóò rẹ́rìn-ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, yóò rọra kọrin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, fún bí ọjọ́ mélòó kan. N ò fura.

Ìjọ wa kò tíì ní ilé tirẹ̀. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan là ń lò; a ó ti tábìlì àwọn ọmọ ilé-ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, a ó sì tò wọ́n padà kí a tó lọ sílé. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ní ìdí tẹ́nọ̀, ìyẹn ohùn ọkùnrin tó ga ju báàsì lọ. Ẹni mẹ́ta ni wá nídìí tẹ́nọ̀: ẹni tó mọ orin, ẹni tó ń tẹ̀ lé e, àti èmi, tí mò ń tẹ̀ lé ẹni tó ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí Ìkórè ọdún yẹn ń sún mọ́lé, ibi iṣẹ́ ẹni tó mọ orin gbé e lọ sí Kaduna. Ó wá ku ẹni méjì tí ń tẹ̀ lé ara wọn.

Ọ̀gá akọrin wa jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Tíṣà ni gbogbo ìjọ ń pè é. Kì í fi ọ̀pá kékeré darí orin. Agbòòrùn rẹ̀ ló ń lò, òjò ì báà rọ̀ tàbí kó má rọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ibà dá mi dùbúlẹ̀, ó sì gba ohùn mi lọ. Tíṣà ní òun ń bọ̀ wá wò mí. Ó dé kílóòsì wa, ó gun àtẹ̀gùn ilé mẹ́ta tí kì í ṣe tiwa, kó tó wá dé ọ̀dọ̀ Alhaja. Alhaja fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi.

"Ẹ kú ọjà o. Mò ń wá ilé Bàbá Ìbejì tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa."

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ fetí yín sílẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ibi tó ti ń jáde wá yẹn ni."

Ó ní Tíṣà dúró sábẹ́ fèrèsé, ó di ojú, ó sì fi agbòòrùn ka ìlù orin náà sórí ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ló gun òkè wá bí ọmọdé.

Mo wà lórí àga gígùn, mo fi aṣọ bora dé ọrùn. Tíṣà wò mí, ó sì wo ẹ̀yìn mi.

"Pẹ̀lẹ́. Ara ńkọ́?"

"Ó ti ń fúyẹ́, sà." Ohùn mi ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

"Ó dáa. Níbo ló wà?"

"Ta ni, sà?"

"Ọkùnrin yẹn! Àbúrò rẹ ni àbí àlejò? Ìkórè ń bọ̀, ìwọ wá fi odidi tẹ́nọ̀ pamọ́ sínú kíṣìnnì!"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ó yọjú. Ìyàwó mi dúró níbẹ̀, ọṣẹ kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó kúnlẹ̀ kí i. Tíṣà dá a lóhùn, ó sì wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ìyàwó mi ní, "Kò sí ọkùnrin níbí, sà."

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Tún un sọ."

"Mo ní kò sí ọkùnrin kankan níbí, sà."

Tíṣà padà wá sí pálọ̀, ó jókòó. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ní kí ìyàwó mi wá sí ìdánrawò orin ní ọjọ́rú, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín mi sì gbẹ. Kì í ṣe ìtìjú ni mo rí níbẹ̀. Ẹ̀rù ni.

"Rárá o, sà. Ẹ jọ̀wọ́, sà."

Tíṣà dìde. "Èmi ti ń kọ́ ènìyàn lórin kí wọ́n tó bí ìyá rẹ. Má jẹ́ kí n kú láìgbọ́ tẹ́nọ̀ ní Festac." Ó mú agbòòrùn rẹ̀, ó lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyàwó mi sọ ọ́ fún mi. Nígbà tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n fẹ́ lọ bá àwọn ilé-ìwé mìíràn díje nínú orin. Ìyáàfin tó ń kọ́ wọn tò wọ́n sí ìlà, ó sì ń rìn kọjá níwájú wọn, ó ń fetí sí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé iwájú rẹ̀, ó dúró. Ó ní, "Ìwọ, máa ya ẹnu bíi tàwọn yòókù, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí nǹkan kan jáde." Àwọn ọmọbìnrin tó kù rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà títí tó fi jáde, Bọ̀dá ni wọ́n ń pè é.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n o ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mo máa ń ya ẹnu."

"Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra?"

"Ọ̀dọ̀ àwọn akọrin lẹ máa ń jókòó sí. Ẹ ò tíì dúró tì mí rí nígbà tí wọ́n bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, àfi ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Lọ́jọ́ yẹn náà, mo ya ẹnu ni."

Mo kàwé, mo sì gbọ́ ìwàásù púpọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé ara kan ní ẹ̀yà púpọ̀, pé ojú kì í ṣe iṣẹ́ etí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ dé ìdajì.

"Mo mọ ìwàásù yẹn. Wọ́n tún máa ń wàásù pé àgùntàn mọ ohùn olùṣọ́ wọn. Ohun tí èmi fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé olùṣọ́ náà mọ ti àgùntàn? Torí ó ti pẹ́ tí mi ò ti jẹ́ kó gbọ́ tèmi nínú ilé Rẹ̀. Kíṣìnnì nìkan la ti ń pàdé. Tí mo bá wá ṣí i síta báyìí, tí wọ́n tún rẹ́rìn-ín ńkọ́? Mi ò ní lè kọ ọ́ ní kíṣìnnì mọ́."

Ohun tó lè pàdánù ni ó ń sọ fún mi yẹn: orin kan ṣoṣo tó kù fún un.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bú sẹ́kún nínú yàrá. Ìyàwó mi dìde. "Aláṣẹ ló ń pè mí," ó wí, ó sì wọlé lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, ọmọ náà wà ní ìbàdí rẹ̀, ó ti dákẹ́. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ọmọ náà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Ó ní, "Inú òkùnkùn ni wọ́n wà. Mi ò wojú ẹ̀ kí n tó gbé e." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọjọ́rú, aago mélòó ló pè é?"

Ní ọjọ́rú a jọ lọ. Ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Tíṣà fi agbòòrùn kan ilẹ̀.

"Tẹ́nọ̀ tuntun ti dé."

Gbogbo ènìyàn wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń retí ọkùnrin. Awakọ̀ tírélà kan tó ń kọ báàsì, ọmọ Iléṣà, Dẹ́rẹ́bà là ń pè é, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èwo nínú wọn? Bàbá Ìbejì la mọ̀. Tẹ́nọ̀ àtijọ́ ni, kò sì tíì mọ̀ ọ́n."

"Ìyàwó rẹ̀ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rí i tí ọwọ́ ìyàwó mi fún báàgì náà mọ́ra. Olórí àwọn obìnrin tó ń kọ ohùn òkè, tí a ń pè ní Àǹtí Tírẹ́bù, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Aránṣọ ni, òun ló rán gbogbo aṣọ akọrin wa, àti àwọn fìlà onígun mẹ́rin tí àwọn obìnrin wa ń dé.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Obìnrin kì í kọ tẹ́nọ̀."

"Èyí ń kọ ọ́."

"Ó dáa. Níbo ló máa jókòó sí? Sáàárín àwọn ọkùnrin? Kí ló máa dé? Ọkùnrin ò ní fìlà, obìnrin ò sì gbọ́dọ̀ ṣí orí sílẹ̀. Tá a bá ń tò wọlé ní méjì-méjì, obìnrin níwájú, ọkùnrin lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ta ló máa wà?"

Dẹ́rẹ́bà ní, "Wọ́n á ní àwa ọkùnrin Festac la ò lóhùn mọ́, la wá lọ yá ti ìyàwó."

Ìyàwó mi ti dìde, báàgì ti wà ní èjìká rẹ̀. "Ẹ jẹ́ n máa lọ, sà. Mi ò wá dá wàhálà sílẹ̀." Èmi náà dìde, láìmọ̀ bóyá kí n dá a dúró ni tàbí kí n tẹ̀ lé e.

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì. Àǹtí, ọ̀dọ̀ yín ni kó jókòó sí. Fìlà yín ni kó dé. Kó ti ibẹ̀ kọ tẹ́nọ̀. Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn."

A bẹ̀rẹ̀ orin Ìkórè. Mo ń wò ó láti òdìkejì. Ó ya ẹnu, ẹnu rẹ̀ ń lọ dáadáa pẹ̀lú ọ̀rọ̀ orin, nǹkan kan kò sì jáde. Ẹlòmíràn kò mọ̀, èmi mọ̀. Tíṣà dá wa dúró. Kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ó kàn wí fún gbogbo wa pé, "Ẹ̀yin akọrin, ẹ le jù. Ẹ ṣe bí ẹni pé abọ́ lẹ ń fọ̀."

Àwọn yòókù wo ara wọn. Ìyàwó mi tẹrí ba, mo sì rí i tó rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí a tún bẹ̀rẹ̀, ohùn náà jáde.

Ẹni tí kò bá tíì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin rí lè má mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọbìnrin méjì tó jókòó tì í kọ́kọ́ yí ojú wò ó, lẹ́yìn náà ni ohùn wọn yọ̀ bọ́ láti òkè, wọ́n bá a lọ sí ìsàlẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn náà yọ̀. Kí a tó dé ìlà kẹta, Àǹtí Tírẹ́bù nìkan ló kù sókè, bí ẹyẹ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fò lọ. A tún un kọ. Bákan náà ni. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Àǹtí fúnra rẹ̀ já bọ́. Ó fi ìwé orin lé itan.

"Tíṣà, ẹ gbé obìnrin yìí kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó ń wọ́ wa lọ sísàlẹ̀."

"Kí n gbé e lọ síbo?"

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ ni? Sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin!"

Ẹ̀rín tó bú wá lọ́tẹ̀ yìí yàtọ̀, ìyàwó mi wà nínú rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ti ń fi áńkáṣíìfù nu àga. "Ìyàwó wa, ẹ máa bọ̀. Àga yín rèé. Bàbá Ìbejì, ẹ sún díẹ̀, tẹ́nọ̀ dé."

Ó jókòó sí apá ọ̀tún mi, ní ibi tí ìlà àwọn obìnrin parí sí tí tàwọn ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ títò wọlé kò sì le bí Àǹtí ti rò. Bí a bá ka òun mọ́ wọn, iye àwọn obìnrin kò ní pé méjì-méjì, ẹnì kan yóò máa dá rìn lẹ́yìn wọn. Èmi náà ni mo máa ń dá rìn níwájú àwọn ọkùnrin. Dẹ́rẹ́bà ní, "Ṣebí ọkọ ẹ̀ nìyí. Tó bá wà lẹ́yìn àwọn obìnrin, tí ọkọ ẹ̀ sì wà níwájú wa, ta ni wọ́n fẹ́ mú?" Kí a tó túká, Àǹtí Tírẹ́bù ti fa téèpù yọ, ó ń wọn orí ìyàwó mi. "Fìlà ni wàá dé o. Ohùn ọkùnrin ò ní kó o ṣí orí."

Ọjọ́ Ìkórè dé. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ló ní oko. Iṣu tí a rà ni a gbé wá, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀, adìyẹ, àti ẹ̀fọ́ tí àwọn kan gbìn sẹ́yìn ilé. Alhaja fi páálí mílíìkì kan ránṣẹ́, ó sì tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀, ó dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìborùn lórí. Ó ní òun fẹ́ fi ojú òun rí ọ̀rọ̀ náà.

A tò wọlé, èmi àti ìyàwó mi ní ẹ̀gbẹ́ ara wa, òun nínú fìlà tuntun. Orin àkọ́kọ́ kì í ṣe èyí tí a dán wò. Orin tí gbogbo ìjọ mọ̀ ni, èyí tó ti ń fi fọ abọ́ láti ọdún pípẹ́. Ìlà àkọ́kọ́, n kò gbọ́ ọ. Mi ò yíjú wò ó, mo bẹ̀rù. Ní ìlà kejì, mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára kí n tó gbọ́ ọ, nínú pákó ẹ̀yìn àga tó wà níwájú wa, tí a gbé ọwọ́ lé, nínú àyà mi: ohùn kíṣìnnì wa, ní gbangba, lọ́sàn-án gangan. Bàbá arúgbó kan ní ìlà kẹta yí ojú padà, ó ń wá ọkùnrin tó ni ohùn náà. Ojú rẹ̀ kọjá lórí ìyàwó mi, ó padà, ó tún kọjá. Ìyàwó mi kò rí i. Agbòòrùn Tíṣà ló ń wò.

A kọ orin Ìkórè náà nígbà tó yá. Àwọn báàsì yára wọlé níbì kan, Tíṣà sì fi ojú bá Dẹ́rẹ́bà wí. Ṣùgbọ́n orin àkọ́kọ́ yẹn ni mo ń rántí. Òun ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dúró ti ìyàwó mi nínú ilé Ọlọ́run, tó sì kọrin.

Alhaja pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Ìbejì! Ìwọ ni! Ìwọ ni mo wá ń kí ọkọ ẹ fún láti ọjọ́ yìí!" Ó kọjú sí mi. "Ẹ̀yin, ẹ kó gbogbo ìkíni mi jáde."

Èmi àti ìyàwó mi jọ rìn lọ sílé. Nígbà tí a yà wọ kílóòsì wa, tí gbogbo àwọn ilé tó jọra wọ̀nyẹn dúró níwájú wa nínú oòrùn, ó ní, "Ó gbọ́ mi." N kò béèrè ẹni tó ń wí.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń rìn wọlé pọ̀. A kọ́ ilé ìjọ tiwa. Tíṣà lọ sinmi. Àwọn ìbejì dàgbà, wọ́n gbéyàwó, ọ̀kan ṣì ń bẹ̀bẹ̀, ọ̀kan ṣì ń pàṣẹ. Ìsọ̀ onípákó Alhaja di ṣọ́ọ̀bù onísìmẹ́ńtì. Ní gbogbo ìgbà náà, ní ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, ohùn náà wà lápá ọ̀tún mi, mo sì fara tì í. Mo rò pé mo ti mọ tẹ́nọ̀.

Nígbà tí àìsàn rẹ̀ dé, ohùn ló kọ́kọ́ mú lọ. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ ń lọ. Mo tẹ orí mi sún mọ́ ọn. Èémí lásán ni, ṣùgbọ́n mo mọ orin náà. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe pé ó ń ya ẹnu.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo dúró díẹ̀ kí n tó padà sí ìdí orin. Wọ́n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un nígbà títò wọlé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. A bẹ̀rẹ̀ orin àkọ́kọ́, mo la ẹnu, mo sì rí i pé n kò mọ ọ̀nà. Ẹni tí mò ń tẹ̀ lé kò sí níbẹ̀. Ojú tì mí. Mo jẹ́ kí ẹnu mi máa lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ orin. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù mélòó kan, kò sì sí ẹni tó mọ̀, nítorí ẹgbẹ́ akọrin ti pọ̀. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ìbànújẹ́ ni. Àdúrà mi náà rí bẹ́ẹ̀ ní àkókò yẹn: ẹnu ń lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, láàárín orin, mo ṣàdédé rí ìlà àwọn ọmọbìnrin kan tí wọ́n tò síwájú olùkọ́ wọn, mo sì rí ẹni tí wọ́n ní kó máa ya ẹnu. Kò sí ẹni tó ní kí n ṣe é ní tèmi. Èmi ni mo dúró síwájú ara mi, tí mo sì pàṣẹ. Mo rò ó títí ìsìn fi parí. Bí Ọlọ́run bá mọ ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ènìyàn, a jẹ́ pé Ó mọ ti èmi náà yàtọ̀ sí tirẹ̀. Kò sí ìgbà kan tó ní kí n gbé ohùn ìyàwó mi wá fún Òun.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dìde bí omi ti dé. Abọ́ kò pọ̀ ní ilé ẹni tó ń dá jẹun: àwo kan, ife kan, ìkòkò kékeré kan. Mo ki ọwọ́ bọ inú ọṣẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ orin náà. Ó ga ju bí mo ti rò lọ. Ó ń gbọ̀n. Mo ṣìnà, mo dúró, mo tún bẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé díẹ̀ nínú ọ̀nà náà wà nínú mi, tí n kò mọ̀.

Alhaja ti darúgbó. Ọmọ rẹ̀ ló ń tajà báyìí, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́ tí ìgbálẹ̀ dúró.

"Ta nìyẹn?"

Mo yọjú lójú fèrèsé. "Èmi ni, Alhaja."

"Ẹ̀yin gan-an?"

"Èmi gan-an."

Ó gbójú sókè wò mí láti ìsàlẹ̀. "Kò jọ tiẹ̀."

"Mo mọ̀, Alhaja."

"Ó tín-ín-rín."

"Mo mọ̀."

"Ẹ wá dákẹ́ sí? Mi ò tíì gbálẹ̀ dé ìdajì."

Mo padà sídìí àwo àti ife mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀.